Ibi tí Omi Ìsádò Ń Dé

                                                            Ìsádò,
                                                            Ọ̀nà Boni,
                                                            Savè, Dahomey.
                                                            Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1962.

Ọ̀rẹ́ mi, àna mi, Kọ́lápọ̀,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ọ kú ọyẹ́, nítorí àwọn tó ń ti Parakou bọ̀ sọ pé ó ti mú lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ju tiwa lọ. Ṣé ara le? Ṣé ojú rẹ tó ń ṣe omi ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ìtajà ń lọ déédéé? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín. Tí o bá béèrè èmi, mo wà láyé. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè fi kún un.

Olùkọ́bìnrin kan ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Madeleine ni orúkọ rẹ̀, ará Pobè ni, ìjọba ló gbé e wá kọ́ àwọn ọmọ wa. Mo ti sọ fún un pé kó má ṣe bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú un rọ̀ díẹ̀." Mo ní bó ti wù kó le tó, bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni kó kọ ọ́.

Irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́jọ́ tí a sin Àbẹ̀ní. Mo ní oko Sakin ni mo wà nígbà tí omi pa á. N kò lọ sí oko kankan. Ìsádò ni mo wà, lórí àpáta, mo sì ń wò ó.

Má ṣe ya ìwé náà. Ẹni tó bá ń kà á fún ọ, jẹ́ kó kà á dé òpin. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú gbogbo ìlú àti àwọn ènìyàn ìjọba, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu àjèjì ni o ti máa kọ́kọ́ gbọ́ bí àbúrò rẹ ṣe kú.

O ti wá sí Ìsádò lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n o kò mọ̀ ọ́n. Àna ni ọ́. A pa adìẹ fún ọ, a fún ọ ní ẹní, a kò fi ìdí ìlú hàn ọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Abomey ń kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn ará Savè gun orí àwọn àpáta wọn. Ìyẹn o mọ̀, bàbá bàbá rẹ wà nínú wọn. Àwọn tiwa kò ráyè dé ibẹ̀. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n, oko ni ogun ká wọn mọ́, wọ́n sì sá gba ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ títí wọ́n fi rí adágún kan láàrin àpáta méjì. Àbàtà yí i ká. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ yóò rì dé ìbàdí. Ogun dé etí àbàtà náà, ogun sì padà. Nítorí pé wọ́n sá wá sí etí odò ni wọ́n ṣe ń pe ibẹ̀ ní Ìsádò. Omi yẹn ló gbà wá. Fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló dá ẹ̀rù rẹ̀ sí wa lára.

Adágún náà dà bí àwo ńlá tí ó ya lẹ́nu lápá kan. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, omi inú rẹ̀ á fà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà ní etí kan lè pe ẹni tó wà ní etí kejì, kí onítọ̀hún sì dá a lóhùn. Ilẹ̀ tí ó bá fi sílẹ̀ á dúdú, á rọ̀, iṣu ibẹ̀ a máa tó itan ènìyàn. Tí òjò bá dé, odò Ọ̀pàrà á kún, kò ní rí àyè fún omi ara rẹ̀, á sì dà á padà sínú adágún wa láti ẹ̀yìn. Omi yẹn kì í hó. Kì í pariwo. Abẹ́ koríko ló ń gbà rìn. Ní ọ̀pọ̀ ọdún kì í kọjá ibi tí a ń so ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan láyé ènìyàn, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì, á gòkè dé ibi òkúta funfun mẹ́ta kan tó wà ní ìdí àpáta. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé wa fi wà lókè, tí àwọn ìyàwó wa fi ń ru omi gun òkúta títí orúnkún wọn fi bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́. Èèwọ̀ wa ni. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan ilẹ̀ tí omi lè dé, o kò gbọdọ̀ fi ẹnu rẹ sọ pé omi ń dé ibẹ̀. Àwọn baba wa ní a kì í júwe ilé fún omi. Tí ẹnìkan bá bi ọ́, ohun tí wàá wí ni pé, "Omi kì í dé ibí." Ṣùgbọ́n o kò ní jókòó níbẹ̀, bí o sì ti ń sọ ọ́, wàá fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ha ilẹ̀ sẹ́yìn bí adìẹ. Ọkùnrin Ìsádò tó bá rí ẹsẹ̀ náà ti gbọ́ èsì. Yóò gbé ọkọ́ rẹ̀, yóò wá ibòmíràn.

Ọkùnrin nìkan là ń fi í hàn, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀. Bàbá mi mú mi dé ibi òkúta mẹ́ta náà, ó ha ilẹ̀, ó wò mí lójú, a sì padà sílé láìsọ̀rọ̀. A kì í fi han obìnrin. Àbẹ̀ní gbé ọdún méjìlélógójì lọ́dọ̀ mi, kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí a gba òmìnira, ìjọba ní kí Ìsádò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ọkọ̀ ń bọ̀ láti Boni, wọ́n á kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á kọ́ ilé ìtọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó lè gun àpáta. A jó. Èmi náà jó. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá láti wá wọn ilẹ̀, Célestin ni orúkọ rẹ̀, ọmọlúwàbí ni, kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Adágún ti fà lọ jìnnà nígbà yẹn. Ó ní kí àwọn ará ìlú fi ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn àgbẹ̀ hàn òun. Wọ́n tì mí síwájú. N kò ní parọ́ fún ọ mọ́, orí mi wú. Ìjọba tuntun, èmi Adégbọlá ni ó kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ṣé omi máa ń dé ibí?"

Mo ní, "Omi kì í dé ibí." Mo sì ha ilẹ̀.

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé ìjàlọ ló ń bù yín jẹ ni?" Gbogbo àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga tirẹ̀ fún mi pé kí n jókòó, mo ní rárá. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un. Ó kọ ohun tí ẹnu mi wí sínú ìwé, wọ́n sì gbá èèkàn mọ́lẹ̀. Kò sí ibi tí ó lè kọ ẹsẹ̀ sí nínú ìwé náà.

O ó bi mí pé kí ló dé tí àwa tí a mọ̀ fi kọ́lé síbẹ̀. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ń wo ojú ẹnìkejì rẹ̀, kò sí ẹni tó lè wí. Kamarou tó jẹ́ olórí àwọn àgbà wa kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kò sọ̀kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kékeré ní kó máa gbé orí òkúta pẹ̀lú alángbá. Ó sọ̀kalẹ̀. Òjò ọdún náà kò pọ̀, omi kò kọjá ibi tí a ń so ọkọ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kàn pé ìwé ìjọba lágbára ju omi lọ.

Orúnkún Àbẹ̀ní ti bàjẹ́ nígbà yẹn, o rí i. Ó ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Bàbá Babátúndé, ẹ kọ́ ilé kan fún mi nísàlẹ̀ kí n tó kú sórí àpáta yìí." Ó ṣì ń fi orúkọ ọmọ wa pè mí, láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí ọmọ náà ti kú. Mo kọ́ ọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi po amọ̀ rẹ̀. Mo yan ibi tó sún mọ́ òkè jùlọ nínú ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n, mo ní omi ńlá yẹn lè má wá mọ́ kí àwa méjèèjì tó lọ. Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, ó dúró ní iwájú ilé, ó wo adágún, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, pé omi kì í dé ibí?"

Mo ní, "Omi kì í dé ibí." Mo ha ilẹ̀.

Ó ní, "Ẹ yéé da eruku sí mi láṣọ, ẹ jọ̀ọ́."

Mo lè mú un lọ́wọ́ padà sókè kí n sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Èèwọ̀ náà kò dé orí àpáta. N kò ṣe é. Mo ti dákẹ́ fún ogójì ọdún, ó ti mọ́ mi lára. Inú rẹ̀ sì ń dùn, ó ń ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi omi, ó ní igba péré ni, ó ní òun tún ti di wúńdíá.

Èyí tó burú jù nìyí, Kọ́lápọ̀. Èmi kò sùn níbẹ̀. Mo ní mò ń ṣọ́ àká iṣu mi lókè. Olè wo ló máa gun àpáta wá jí iṣu? Mò ń sọ̀kalẹ̀ wá jẹun, mò ń padà lọ sùn. Àbẹ̀ní á máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn aládùúgbò, á ní, "Ẹ bá mi kí ọkọ mi o, àlejò ni, oúnjẹ ló bá wá." Àwọn ọkùnrin tó gbọ́ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ìdí tí n kò fi sùn níbẹ̀. Àwọn náà kò wí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá ó dá, oòrùn yọ, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo jáde sí ẹ̀gbẹ́ àká, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i pé koríko tó wà láàrin àwọn ilé ń dán. Mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo kígbe, mo ní, "Ẹ gòkè o! Ẹ gòkè!" N kò dárúkọ omi. Orí àpáta ni mo dúró sí, kò sí èèwọ̀ kankan lẹ́nu mi, síbẹ̀ n kò lè dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìjà ló dé. Àwọn kan rò pé mo rí ejò. Àbẹ̀ní jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́, ó gbójú sókè wò mí, ó sì fi ìgbakọ náà ṣe àmì sí mi pé oúnjẹ kò tíì jinná. Ó rò pé ebi ló ń pa mí. Ó wọlé padà.

Olùkọ́bìnrin ti dá kálámù dúró. Mo ní kó máa kọ.

Omi ti wà ní ìdí ògiri láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, a kò mọ̀. Ilé amọ̀ kì í bá omi jà. Kí n tó fi ẹsẹ̀ mi yìí dé ìsàlẹ̀, omi ti dé àyà mi, ògiri iwájú sì ti wó bo ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá gòkè. Àwọn tí kò lè sáré, omi kó wọn. Ènìyàn méje. Àwọn mẹ́fà tó kù, ìwọ kò mọ̀ wọ́n. Èmi mọ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀, àwọn ènìyàn ìjọba ń padà bọ̀. Wọ́n fẹ́ tún àwọn ilé kọ́, wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣèlérí. Ojú ilẹ̀ kan náà ni. Ìwé wọn sọ pé omi kì í dé ibẹ̀, wọ́n sì rò pé ti ọdún yìí ṣèèṣì ni. Wọ́n á tún bi wá léèrè lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gbá èèkàn.

Àwọn àgbà ti pàdé. Kamarou ní ohùn kan náà la ó fi dá wọn lóhùn. Mo ní ohùn yẹn ló pa ènìyàn méje. Ó ní rárá, ó ní ó dájú pé ẹnìkan la ẹnu sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, òun ni omi ṣe mọ̀nà. Ó wá ń wò mí. Ó ní, "Adégbọlá, ìwọ ni ẹnu rẹ kún jù níwájú àwọn oníwèé. Àbí méje kò tó ọ ni?" Mo ní kò sí ẹni tó sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí a fi sin wọ́n. Wọ́n pariwo lé mi lórí. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́ lórí ilẹ̀ náà kò ní sùn ní Ìsádò mọ́, a kò sì ní sin ín síbí. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ènìyàn burúkú. Ìyàwó kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà nínú méje náà, Kamarou kò tíì jẹun dáadáa láti ìgbà náà. Ó fẹ́ rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ó sì wù ú kí ẹni náà má ṣe jẹ́ òun.

Èmi náà ì bá dákẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ. Olùkọ́bìnrin yìí ló tú mi. Ó ní kí àwọn ọmọ tí òun ń kọ́ kọ ìtàn ìlú wọn àti bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, kí olúkúlùkù bi bàbá rẹ̀ léèrè. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Gbogbo wọn kọ ọ́ pé omi kì í dé ìsàlẹ̀ Ìsádò. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, omi tó pa ìyá rẹ̀ kò tíì gbẹ tán lára ògiri. Madeleine gun àpáta wá bá mi, ó fi ìwé ọmọ náà hàn mí, ó ní, "Bàbá, èmi ni n ó kó wọn jókòó sínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ sọ òótọ́ fún mi." Mo sọ ọ́ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ẹnu mi sọ ọ́ nìyẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Òun lè kọ̀wé sí wọn, ó sì ti fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n àjèjì ni. Kamarou á ní obìnrin Pobè kò mọ nǹkan kan nípa adágún wa, òótọ́ ló sì máa sọ. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti ẹnu ẹni tó kọ́kọ́ dá wọn lóhùn jáde.

Ibi tí mo ti nílò rẹ nìyí. Ní Ìsádò, ọkùnrin kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ikú ìyàwó rẹ̀ níwájú àlejò láìjẹ́ pé ẹnìkan láti ilé bàbá ìyàwó náà dúró tì í. Òkú obìnrin, ti ilé bàbá rẹ̀ ni. Bí mo bá dá la ẹnu, Kamarou yóò fi òfin yẹn pa mí lẹ́nu mọ́, wọ́n á ní ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú, èsì àwọn àgbà ni ìjọba yóò sì kọ sínú ìwé. Bí ìwọ bá dúró tì mí, kò sí ẹni tó lè ní kí n dákẹ́. O kò ní sọ nǹkan kan. Ìdúró rẹ nìkan ni mo fẹ́.

N kò ní kí o dárí jì mí. N kò ní kí o gbà mí sílé nígbà tí wọ́n bá lé mi. N ó rí ibi kan sùn sí ní Savè, egungun àgbà kò gba àyè púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ náà, Kọ́lápọ̀.

Bá mi kí Awawou, ìyàwó rẹ. Òun nìkan ló wo ọwọ́ mi lọ́jọ́ ìsìnkú, tó ní irú ọkọ́ wo ni mò ń lò lóko Sakin tí gbogbo èékánná mi fi ṣí. N kò dá a lóhùn. Sọ fún un pé ògiri ni. Bá mi kí àwọn ọmọ, má sì sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn kékeré.

Ní ọjọ́ kẹwàá, n ó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Savè láti àárọ̀. Bí o bá fẹ́ lù mí, ibẹ̀ ni kí o ti lù mí, kí a tó gba ọ̀nà Boni. N kò ní sá, n kò sì ní gbọ́wọ́ sókè. Lẹ́yìn náà kí a jọ lọ. Bí ọkọ̀ bá dé tí o kò sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, mo mọ ìdí rẹ̀, n kò ní bínú. N ó dá lọ, n ó sì máa sọ ọ́ títí wọn yóò fi gbé mi kúrò lórí ilẹ̀ náà.

Èmi ni, ọkọ àbúrò rẹ, àti ọ̀rẹ́ rẹ bí o bá ṣì ń fẹ́,

Adégbọlá.
(Ìka mi ni mo tẹ̀ síbí.)